Bí Mo Ṣe Dá Ẹjọ́ Láptọ́ọ̀pù Méjì

Tíṣà físíìsì ni mí ní Fìdítì. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ọmọ àwọn tí mo kọ́ ni mò ń kọ́ báyìí, àwọn ọmọ náà ò sì gbọ́ràn ju àwọn tó bí wọn lọ. Àwa tíṣà físíìsì máa ń gbéra ga, n ò ní parọ́. Tíṣà ìtàn lè ṣi ọdún mú, tíṣà Bíbélì lè ní Ẹ̀mí ló sọ ọ́ fún òun, ṣùgbọ́n tiwa, wíwọ̀n la máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jiyàn, kó gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá. Ìgbéraga yìí gan-an ni mo fi ba ọmọ dáadáa kan lórúkọ jẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Afijio, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé, lórí ọ̀rọ̀ pé nínú láptọ́ọ̀pù méjì, èwo ni gíráfíìsì rẹ̀ lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń jẹ́ gíráfíìsì, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí ọkọ mi fi kó mi sí i. Ẹ̀yà kan ni nínú láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ya àwòrán sójú rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán lẹ̀ ń kọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó fi ilé hàn yín, tí ẹ̀ ń wọ yàrá dé yàrá, ìgbà náà lẹ máa mọ̀ bóyá alágbára ni àbí ọ̀lẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ, ẹ ó ti wọ ilé ìdáná tán kí ògiri rẹ̀ tó wá bá yín níbẹ̀.

Ọkọ mi ló nílò rẹ̀. Díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, Díákónì náà sì ni mò ń pè é. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Jobele, níbi tó ti ń ya àwòrán ilé; tó bá délé, ó tún ń yà fún ẹni tó bá fẹ́. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìlọrà ní òun ò fẹ́ àwòrán orí ìwé mọ́. Ó ní òun fẹ́ wọ inú ilé òun kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí òun wo pálọ̀, kí òun gun àtẹ̀gùn, kí òun yọjú lójú fèrèsé òkè. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Díákónì ń lò gbìyànjú rẹ̀. Nínú òpó mẹ́rìnlá tí ọkùnrin náà ní kí wọ́n fi síwájú ilé, ó ya mẹ́ta, ó sì dákú. N ò dá a lẹ́bi. Kí lèèyàn fẹ́ fi òpó mẹ́rìnlá ṣe ní Ìlọrà, àfi tó bá fẹ́ gbé sánmà ró?

Mo mú Díákónì lọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, nítòsí àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún èrò ọkọ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ń tà, ó sì ń tún wọn ṣe. Nígbà tó wà ní kíláàsì mi, ó máa ń béèrè ohun tí n kò mọ ìdáhùn rẹ̀, èmi a sì ní kó jókòó kó má dí wa lọ́wọ́. Ó ti di ọkùnrin báyìí, ó ti hu irùngbọ̀n, síbẹ̀ tó bá ti rí mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a tún lọ sẹ́yìn bíi ti ọmọ iléèwé. Àwọn tíṣà ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ti fẹnu kò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn máa ti ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́. Nítorí iṣẹ́ yẹn, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì mọ́ tirẹ̀, ó sì ti lu ògiri tó wà láàárín méjèèjì. Orí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù kan tó ní sítíkà pupa lára fún wa.

“Ẹ gbé e lọ sílé, mà,” ló wí. “Ẹ lò ó títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún mi. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà, kò sí wàhálà.”

Díákónì bi í pé ṣé kò ní gba nǹkan ìdúró ni.

“Lọ́wọ́ tíṣà mi kẹ̀, sà? Èèwọ̀!” Ó wá kọjú sí mi. “Ṣùgbọ́n mà, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ o. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kẹ́ẹ tó wọ̀n ọ́n. Gíráfíìsì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí agbára wọn má dọ́gba, torí bí láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ṣe ń mí yàtọ̀ síra. Ooru ni ọ̀tá wọn.”

“Ìwọ ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ooru báyìí?” ni mo bi í. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Díákónì kì í rí nǹkan kó rà á láì rí ìkejì rẹ̀. Ó gba òmíràn wá láti Ìbàdàn lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí wọ́n jọ mọra, òun náà fún ìdánwò. Sítíkà aláwọ̀ ewé ló wà lára tìyẹn. Kí n tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ tó gbé e dé, Díákónì ti dá ẹjọ́ tán. Ó ní nọ́ńbà tó wà lára ti pupa, mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀, ti ewé sì fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ju mẹ́ta lọ, kí la tún ń wọ̀n? Mo ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, pé ẹnì kan kì í fi nọ́ńbà orin ìyìn wé nọ́ńbà ojúlé. Ó gbọ́, ó mi orí, ó ní òun ṣì rò pé mẹ́fà ju mẹ́ta lọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ronú nípàdé àwọn díákónì nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí òrùlé ìjọ wa fi ń jò di òní.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màámi ni mò ń pè wọ́n. Ìyàwó tíṣà míṣọ́ọ̀nù ni wọ́n nígbà ayé ọkọ wọn, ohun tí wọ́n sì kọ́ lẹ́gbẹ́ àwọn ìyàwó tíṣà ni bí wọ́n ṣe ń fi òwú hun aṣọ. Nǹkan kì í wà níhòòhò lọ́dọ̀ Màámi. Tẹlifíṣọ̀n wa ní aṣọ, rédíò ní aṣọ, fìríìjì ní fìlà, jọ́ọ̀gì omi ní ìborùn. Ká ní Díákónì máa ń jókòó pẹ́ lójú kan ni, wọn ì bá ti hun tirẹ̀ náà. Ẹ má sì rò pé ilé wa nìkan ni o. Ẹ wọ pálọ̀ èyíkéyìí ní Fìdítì, ẹ ó bá ohun tó níyì níbẹ̀ tí wọ́n daṣọ bò. Ọyẹ́ tún ti dé nígbà náà, eruku ń kù lálá, ètè gbogbo wa ti bó.

Ọjọ́rú tí láptọ́ọ̀pù pupa wọlé ni Màámi ti fi ìka wọ̀n ọ́n. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti hun ẹ̀wù òtútù fún un. Òwú rẹ̀ nípọn, àwọ̀ wàrà ni, etí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Ó bo ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pátápátá, ó wá ṣí sílẹ̀ lókè fún bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀wé àti ojú àwòrán. Ó rẹwà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún ti ewé wò, kò gbà, torí ti ewé sanra. Màámi ní kó má bínú, pé àwọn á hun tirẹ̀ tó bá yá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo gbé méjèèjì ka orí tábìlì oúnjẹ. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, kẹ́ẹ lè mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi. Jẹnẹrétọ̀ kan náà ló gbé wọn, kí ọ̀kan má baà jẹ iná ju ìkejì lọ. Àwòrán ilé kan náà la ṣí sórí wọn, ilé olópòó mẹ́rìnlá. Díákónì jókòó ti pupa, èmi jókòó ti ewé, ọ̀nà kan náà la sì gbà wọlé: iwájú ilé, pálọ̀, àtẹ̀gùn, yàrá òkè. Mo gbé aago tí a fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá wá láti lábọrátọ́rì iléèwé. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo ń kọ iye tó ń hàn ní igun ojú wọn, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tún àwòrán yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ohun tí wọ́n fi ń mọ gíráfíìsì alágbára nìyẹn. Léraléra ni mò ń sọ fún Díákónì pé, “Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ohun gbogbo ò bá dọ́gba, kì í ṣe ìdánwò.” Láptọ́ọ̀pù kan wà níwájú mi nínú ẹ̀wù òtútù, ìkejì wà níhòòhò, èmi sì ń sọ̀rọ̀ ọgbọọgba.

Ti pupa ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Díákónì ń pariwo, “Mẹ́fà! Mẹ́fà!” bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ ni àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Àtẹ̀gùn tó ń gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń gùn bí arúgbó. Fáànù inú láptọ́ọ̀pù náà ń han gooro, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Òtútù ń mú un,” Màámi wí láti orí àga wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fa ẹ̀wù náà wálẹ̀ dáadáa, wọ́n tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mà láàánú.”

Ó tún wá burú sí i. Èmi àti ti ewé ń lọ jẹ́jẹ́ ní tiwa, a ò sáré, a ò dúró. Nígbà tí mo dé yàrá òkè, tí mo yọjú lójú fèrèsé, Díákónì ṣì há sórí àtẹ̀gùn níwájú ilẹ̀kùn tó ń ṣí ní àbọ̀ àbọ̀. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ti pupa, mo sáré fà á padà. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

“Ẹ ò rí i?” ni mo wí. “Ooru ni ọmọ yẹn ń tà fáwọn èèyàn.”

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n tíṣà kì í mọ nǹkan kó má kọ́ ẹlòmíràn. Mo kọ èsì ìdánwò náà sórí gúrúùpù àwọn tíṣà lórí fóònù, mo to iye rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo ya fọ́tò láptọ́ọ̀pù méjèèjì mọ́ ọn, mo wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ tí inú èmi fúnra mi dùn sí: “Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, sítóòfù ló rà.”

Kì í ṣe èmi nìkan ni tíṣà sáyẹ́ǹsì nínú gúrúùpù yẹn. Tíṣà kẹ́mísìrì wà níbẹ̀, ti bàólọ́jì wà níbẹ̀, gbogbo wọn rí fọ́tò náà kedere. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé ta ló hun ẹ̀wù yẹn, ṣé ó lè hun irú rẹ̀ fún àwọn. Tíṣà kẹ́mísìrì ní aláwọ̀ òféfèé lòun fẹ́.

Igbákejì ọ̀gá iléèwé wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Fáìsì, kì í rí ọ̀rọ̀ kó má tàtaré rẹ̀. Tó bá gbọ́ nǹkan ní àárọ̀, a jẹ́ pé ìlú ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sítóòfù ti dé Ìlọrà, ó ti dé Jobele, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tíṣà tí n kò mọ̀ rí. Ẹyin lohùn, tèmi bọ́ sílẹ̀, ó fọ́, èmi náà sì ń pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gba iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n gbé e fún ará Ìbàdàn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ti pupa padà. Màámi ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ta ẹni tó ń ta ooru lọ́rẹ. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo mú ìwé tí mo kọ iye sí dání. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gba láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wò ó, ó sì ní, “Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú wàhálà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mò ń gbà lọ síléèwé lójoojúmọ́. Àwọn tíṣà ò yà síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń to búlọ́ọ̀kù, tó ń dí ògiri tó lù padà. Obìnrin kan ló gba apá kejì, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata síbẹ̀. Ọmọ náà rí mi, ó gbé búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ó mú ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Mo dá a lóhùn. Mo sì sọ nínú ọkàn mi pé kó fi kọ́gbọ́n. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ti ewé ní tiwa ti di ti ilé. Màámi mú ìlérí wọn ṣẹ, wọ́n hun ẹ̀wù tirẹ̀, ẹ̀wù náà tún nípọn ju tàkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí oníbàárà Ìlọrà wá wo ilé rẹ̀, Díákónì gbé e jókòó, ó mú un gba àárín òpó mẹ́rìnlá wọlé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, ohun gbogbo dúró. Fáànù ń han gooro. Ọkùnrin náà ń wo àbọ̀ ilẹ̀kùn.

“Ṣé bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ nìyí?” ló bi Díákónì.

Nígbà tó lọ tán, Díákónì kò fẹnu sílẹ̀. Ó ní ará Ìbàdàn ti fọgbọ́n rẹ́ òun jẹ, pé òun ti sọ pé mẹ́fà ju mẹ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ náà rú èmi náà lójú, torí mo ti wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà ní kíláàsì, ooru gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi wọ́n lọ́dọọdún: tí a bá fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé yìnyín, ṣé á tètè yọ́ ni, àbí á pẹ́? Gbogbo wọn a ní á tètè yọ́, torí búláńkẹ́ẹ̀tì ń gbóná. Èmi a wá rẹ́rìn-ín mi, ma ní, “Aṣọ kì í fúnni ní ooru. Ńṣe ló ń dí ooru lọ́nà. Èyí tó wà níta kò ní wọlé, èyí tó wà nínú kò ní jáde.”

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dé “kò ní jáde”, ẹnu mi ò padé mọ́. Ẹ̀wù tí etí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò yẹn dúró níwájú mi gbọnin.

“Mà, ṣé kò sí nǹkan?” ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú béèrè.

Mo ní kí wọ́n ya àwòrán búláńkẹ́ẹ̀tì, mo sì jáde.

Mo délé, mo bọ́ ẹ̀wù lára ti ewé. Màámi ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ kí ọyẹ́ pa á ni. Mo jẹ́ kó tutù, mo tún ilé olópòó mẹ́rìnlá ṣí, mo gun àtẹ̀gùn, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rìn yí yàrá òkè ká títí ó fi sú mi. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí. Kì í ṣe ìdánwò ni mo ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Mo so ọ̀kan lọ́rùn, mo wá ní kò lè sáré.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ohun rere. Ó ní ta ló mọ̀? Díákónì ò mọ̀. Màámi ò ní gbà láéláé. Tíṣà kẹ́mísìrì ṣì ń retí ẹ̀wù aláwọ̀ òféfèé rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti èrò yìí, mo sì lọ sípàdé àdúrà pẹ̀lú rẹ̀, mo gbàdúrà fún àwọn tó ń parọ́ mọ́ ẹnìkejì wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń bọ̀ láti iléèwé, mo rí akẹ́kọ̀ọ́ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń to láptọ́ọ̀pù sínú páálí. Obìnrin tó ń lọ ata ló sọ fún mi pé ó ń lọ bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi máa parí, ṣọ́ọ̀bù á ti wà ní títì pa. Mo lọ sílé, mo gbé ti ewé, mo sì padà wá.

“Gbé ti pupa ọjọ́sí yẹn wá,” ni mo wí fún un. Ó tú páálí, ó gbé e jáde. A gbé méjèèjì ka orí tábìlì rẹ̀ láìwọ nǹkan kan, a sì ṣí ilé Ìlọrà sórí wọn. Ti ewé yá díẹ̀ nínú pálọ̀. Ti pupa ló ṣíwájú lórí àtẹ̀gùn. A rìn, a rìn, kò rẹ ìkankan. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan báyìí, owó tí wọ́n ń tà wọ́n ni ma wò, ti pupa tó dínwó ni ma sì mú.

Nígbà náà ni mo sọ fún un nípa ẹ̀wù òtútù. Ó wo ilẹ̀.

“Mo mọ̀, mà.”

“O mọ̀ bíi báwo?”

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e padà, mo tú u. Òwú ló kún inú fáànù ẹ̀. Mo tún wá rí fọ́tò yẹn lọ́dọ̀ ẹnì kan, mo rí ẹ̀wù náà.”

“Láti ọjọ́ yẹn? O ò sì sọ̀rọ̀? Ò ń to búlọ́ọ̀kù, ò ń kí mi ‘ẹ káàárọ̀, mà’! Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ, mà? Kí n lọ sórí gúrúùpù, kí n ní tíṣà tó kọ́ mi ní ooru ló wọ ẹ̀wù òtútù fún láptọ́ọ̀pù?” Ó gbé ojú sókè. “Gbogbo ohun tí mo mọ̀ níbi iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ta ló máa gbà pé èmi mọ̀ ọ́n?”

Mo kúnlẹ̀. N ò ronú sí i, eékún mi ni mo bá nílẹ̀. Ó pariwo “Áà, mà!” ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀kan náà, kí n má baà kúnlẹ̀ fún un nígbà tí òun wà lórí ìdúró. Ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ̀. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páálí, ó ń bẹ̀ mí kí n dìde, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

Bá a ṣe wà nìyẹn tí Fáìsì fi wọlé. Okùn tó fi ń ṣáájì fóònù ló wá rà.

“Kí ló já bọ́?” ló béèrè, òun náà sì tẹ̀ ba, ó ń wo abẹ́ àga.

“Kò sí, mà,” ọmọ náà yára dáhùn láti ilẹ̀. Ó wá rọra sọ fún mi pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ ni, ẹ ní jẹnẹrétọ̀ ló ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbà.”

Orúkọ tèmi ló tún ń wá aṣọ bò, lẹ́yìn tí mo ti ba tirẹ̀ jẹ́. Omi bọ́ lójú mi, n ò nù ún.

Mo ní kí Fáìsì gbé fóònù rẹ̀ jáde, kó ká ohùn mi sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ síbi gbogbo tó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Irú nǹkan báyìí kì í sú Fáìsì. Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ iléèwé mi, mo dárúkọ iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ àjàgbé kan tó ń lọ Ọ̀yọ́ fọn fèrè kọjá gan-an níbi tí mo ti ń wí pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Mo ní kí Fáìsì pa á rẹ́. Mo tún un sọ látòkè délẹ̀ lórí eékún mi, mo sì gbé ohùn sókè níbi tó yẹ.